C Tí Ń Sanra Láti Ìlà dé Ìlà

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni mo kọ́ tí mo fi di dókítà, ìdáhùn méjì ni mo ní. Èyí tó kúrú ni pé, "Ìṣirò ni." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ṣe "ẹ̀ẹ́n," á sì bi mí bóyá mo lè máa kọ́ ọmọ òun lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Èyí tó gùn, màmá mi nìkan ló gbọ́ ọ tán rí, torí pé ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì rọrùn fún un láti dìde.

Ìdáhùn tó gùn náà rèé. Ẹ ro Kútọnu, láti Akpakpa títí dé Fidjrossè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní gbogbo ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀, ọfà kan wà nílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ọ̀nà kan. Ọ̀kan tọ́ka sí òkun, ọ̀kan tọ́ka sí pọ́ọ̀tù, òmíràn kàn tọ́ka síbi tó wù ú. Èyí kò ṣòro láti rò fún ará ìlú wa, torí bí ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, kò ní sọ láé pé òun ò mọ̀ ọ́n. Á kàn nawọ́ ni. Ó dáa, ẹ dúró síbì kan. Ẹ wo iwájú síbi tí ọfà tọ́ka sí, ẹ ṣírò ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn lórí ìlà kan náà, ẹ yọ ti ẹ̀yìn kúrò nínú ti iwájú. Ohun tó bá sún mọ́ yín ló wúwo jù, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ ẹsẹ̀ yín ni ìwúwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò lópin. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bú gbàmù ni pé iwájú àti ẹ̀yìn ń pa ara wọn rẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi nínú ìlú. Ìbéèrè wá ni pé, bí ohun tó wà nínú ìlú bá mọ níwọ̀n, ṣé àbájáde ìṣirò yìí náà á mọ níwọ̀n, àbí ó lè ya wèrè?

"Ta ló rán ọ?" ni màmá mi bi mí.

Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí àwọn ọfà bá ń tọ́ka síbi tó bá ṣáà ti wù wọ́n, àbájáde máa ya wèrè, a ti mọ ìyẹn tipẹ́. Bí wọ́n bá ń yí díẹ̀díẹ̀, tí ọfà tèmi jọ ti aládùúgbò mi, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí gbà pé ó yẹ kó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn délẹ̀délẹ̀. Èmi bu igun kékeré kan nínú ìbéèrè náà, mo mú àwọn ọfà tó ń yí díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n tún ní ìwà rere kan sí i, èyí tí mi ò ní fi dà yín láàmú. Mo ní mo ti rí ẹ̀rí pé tiwọn mọ níwọ̀n. Ohun tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe nìyẹn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń bímọ tí wọ́n sì ń ra ilẹ̀.

Ẹni tó tọ́ mi sọ́nà nínú iṣẹ́ náà, Bàbá ni mò ń pè é. Kì í ṣe bàbá mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ọmọ Ṣábẹ̀, èmi sì jẹ́ ọmọ Kétu tí wọ́n bí sí Akpakpa. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, ó ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ tí mò ń bá màmá mi jà lórí fóònù ní Yorùbá nítorí ata tí mo gbàgbé láti rà. Ó dúró. Ó bi mí ilé wa. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ní bírò, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tọ̀lẹ́tọ̀ la ń ṣe é: Faransé ni a fi ń kọ ọ́, Yorùbá ni a fi ń jiyàn lé e lórí. Nígbà tí bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní pọ́ọ̀tù kú, ọkùnrin yìí wá, ó jókòó ti màmá mi láàárín ọjọ́kanrí, ó jẹun nílé wa, kò sì wo aago. Ènìyàn kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Ní Faransé, mo lè sọ fún mínísítà pé, "Ọ̀gá, ó jọ pé ìṣòro kékeré kan wà ní ìlà kẹta," kí n sì jókòó. Kò ní sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ wojú ẹni tó jókòó ti ìyá yín nígbà ọ̀fọ̀, kí ẹ ní, "Bàbá, ẹ ṣì í." Ẹnu mi ò gbà á. Bí mo bá sì yí sí Faransé lójijì lọ́dọ̀ rẹ̀, á dà bí ọmọ tó dé ilé bàbá rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Kí n tó sọ ohun tí Bàbá ṣì, mo ní láti sọ àṣà kan fún yín nínú iṣẹ́ wa. Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan kò ju nǹkan mìíràn lọ ju ìwọ̀n kan, lẹ́tà C la fi ń dúró fún ìwọ̀n náà. Lẹ́tà yìí ò tilẹ̀ sí nínú a-b-d wa, bóyá ó yẹ kí n ti fura. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ìwọ̀n náà máa ń yí: ìlọ́po méjì níbí, ìdajì lọ́hùn-ún. A kì í wá lẹ́tà tuntun fún un. A kàn máa ń kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé C lè yàtọ̀ láti ìlà kan sí èkejì, gbogbo wa á sì máa bá a lọ pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀. Ẹni tó ń ta ìrẹsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ. Òfin kan ṣoṣo ló so C mọ́lẹ̀: kò gbọdọ̀ gbára lé iye ìpele. Ìpele ni bí a ṣe ń wo ìlú láti òkèèrè, kí á sún mọ́ ọn, kí á tún sún mọ́ ọn, láìlópin. Bí C bá ń pọ̀ bí ìpele ṣe ń pọ̀, kì í ṣe ìwọ̀n mọ́, gbogbo ohun tí a kọ́ lé e lórí sì di ahoro.

Bàbá ní lẹ́mà kan. Lẹ́mà ni òtítọ́ kékeré tí a fi ń ti òtítọ́ ńlá lẹ́yìn. Tirẹ̀ yìí, ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló tẹ̀ ẹ́ jáde lókè òkun, òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń pè é lọ síbi tí òtútù wà. Gbogbo tẹ́ẹ̀sì mi, ìwé tí mo kọ láti fi gba oyè dókítà, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti dá ọjọ́ tí màá gbèjà iṣẹ́ mi níwájú ìgbìmọ̀, mo fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ kékeré kan tí màá yà sójú pátákó fún wọn, kí wọ́n lè rí bí lẹ́mà náà ṣe dùn tó. Mo mú ọfà díẹ̀, mo fi nọ́ńbà gidi rọ́pò C. Ní ìpele kan, ó dára. Ní ìpele méjì, C sanra díẹ̀. Mo tún fi ìpele kún un, ó tún sanra. Ó ń sanra bí ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́. Mo padà sínú ìwé Bàbá, mo ń tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, mo sì rí i. Ní ìlà kan láàárín ìwé, wọ́n kó C gbogbo ìpele jọ, wọ́n sì kọ C. Ó lè yàtọ̀ láti ìlà kan sí èkejì, ṣebí wọ́n ti sọ. Àwọn tó kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò rí i. Àwọn tó ń lò ó kò rí i. Èmi náà ti kọjá lórí ìlà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni tó ń lọ sí ọjà.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo gbàdúrà pé kó jẹ́ èmi ni mo ṣi ìṣirò náà ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi rèé tí màá bẹ Ọlọ́run pé kí n jẹ́ olódo. Kò gbà á. Bí lẹ́mà bá wó, teorẹ́ẹ̀mù mi, òtítọ́ ńlá tí mo kọ́ lé e lórí, wó, oyè náà wó. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, màá di dókítà tó ń parọ́. Bí mo bá sọ ọ́, mi ò mọ ojú tí màá fi wo Bàbá mọ́.

Mo bi màmá mi, mi ò sọ ẹni tó jẹ́ fún un. "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà pé ó ṣàṣìṣe?"

"Wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n máa ń bi í léèrè, títí òun fúnra rẹ̀ á fi rí i."

"Tí kò bá wá rí i ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o ò bi í dáadáa nìyẹn."

Mo lọ bi í. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó sí etí àga, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà yìí ń dà mí láàmú. Ọpọlọ mi ò gbé e. Ẹ bá mi là á kó lè yé mi." Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó ya ọfà sójú pátákó, ó ya ìpele, ẹfun bo apá ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà náà, ó kọ C bí ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọjá. Ó ní kí n má jẹ́ kó bà mí lọ́kàn jẹ́, ó pẹ́ kó tó yé òun náà. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀," ló wí, "má tijú láti bi mí." Ọgbọ́n tèmi ti wà lẹ́nu mi lódindi wákàtí kan, kò ríbi jáde sí.

Mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo di ẹrù náà lé ẹlòmíràn lórí: mo ní ẹnì kan ló kọ̀wé sí mi lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó ní òun ò gbà pé C ìlà yẹn kò gbára lé ìpele. Bàbá bi mí orúkọ rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. "Ẹni tí ò lórúkọ ò yẹ kó ní ìbéèrè," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má ṣe máa fi àkókò mi ṣòfò pẹ̀lú àwọn aláìríṣe.

Mo fi òwe sí i. Mo ní, "Bàbá, nǹkan kékeré wọ̀nyí náà, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́." Ó mi orí, ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fúnra òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa ìwà wọn, a sì fi ìyẹn parí ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò ràn án, mo lọ jókòó ti iṣẹ́. Kí n sọ tòótọ́, inú ń bí mi, ìbínú náà ló jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Mo wá ọ̀nà mìíràn tí kò gba orí lẹ́mà náà kọjá. Mo rí i, ṣùgbọ́n ó gba pé kí àwọn ọfà ní ìwà rere kan sí i, nítorí náà teorẹ́ẹ̀mù mi dínkù. Kékeré ni, ó sì jẹ́ òótọ́. Mo fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì, mo gbé e fún Bàbá, mo rò pé bó bá rí i pé mo ti yẹra fún lẹ́mà òun, á bi mí ìdí.

Ó bi mí lóòótọ́. "Kí ló dé tí o fi gé e kúrú?"

Àyè ti ṣí sílẹ̀ báyìí, ẹnu ọ̀nà gbayawu. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo rò pé kí n má ṣe ju ara mi lọ, Bàbá."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní ohun tó ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́ nìyí: wọ́n á ní erin nínú igbó, wọ́n á máa pè é ní ewúrẹ́ níwájú òyìnbó. Ó fi gègé pupa fagi lé teorẹ́ẹ̀mù kékeré mi, ó dá ti ńlá padà, ó ní kí n gbé orí mi sókè. Omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Èké ńlá náà la tẹ̀, òun la fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìgbìmọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí màá gbèjà iṣẹ́ mi, màmá mi ti kó oúnjẹ sínú kúlà, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí máàsì Àjíǹde. Nínú táksí lórí afárá, ó gbà mí nímọ̀ràn. "Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo ní mo gbọ́.

Yàrá náà gbóná. Màmá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìjọ jókòó síwájú pátápátá. Fọ̀n ni àwọn ọ̀rẹ́ náà, ìgbìmọ̀ sì ti oríṣìíríṣìí ibi wá, nítorí náà nínú gbogbo yàrá, èmi, màmá mi àti Bàbá nìkan la gbọ́ Yorùbá. Mo sọ̀rọ̀, mo fi àwòrán hàn wọ́n, mo kọjá lórí lẹ́mà bí ẹni tó ń rìn lórí pákó jíjẹrà. Wọ́n ń mi orí. Ó ku díẹ̀ kí n bọ́.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ìgbìmọ̀, àlejò láti òkè òkun, tí ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní láti pa fáànù. Ó fi Faransé béèrè pé C ìlà báyìí, nínú lẹ́mà tí mo yá lò, ṣé ó dá mi lójú pé kò gbára lé iye ìpele? Bàbá jókòó gún régé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ọmọ ẹni ní ilé ìwé.

Ìdáhùn náà jáde lẹ́nu mi láìsí wàhálà kankan. Mo ní, "Ó gbára lé e, ọ̀gá. Ó ń pọ̀ bí ìpele ṣe ń pọ̀. Lẹ́mà náà kò jẹ́ òótọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́." Mi ò fi "ó jọ bí ẹni pé" kan ṣoṣo sí i. Mo mú ẹfun, mo ya àpẹẹrẹ mi, mo fi bí C ṣe ń sanra hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà mo kọ teorẹ́ẹ̀mù kékeré mi, mo sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ́, ó sì dán. Mo gbádùn ara mi gan-an. Mi ò wẹ̀yìn.

Àlejò náà bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ìgbà tí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo yíjú sí Bàbá. Ó ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń wo pátákó, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ṣírò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá sọ fún ìgbìmọ̀ ní Faransé pé òótọ́ ni mo sọ, pé òun lòun ṣì í, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbọ̀n, kò ṣàwáwí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, jẹ́jẹ́:

"Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Màmá mi bojú wolẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́ rọ́ wá sí mi lọ́kàn: ìbéèrè, ẹni orí ayélujára, ìrókò, ewúrẹ́ inú ìwé. Èwo ni kí n kà fún un níbẹ̀? Kí n ní mo sọ ọ́ ni, ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́? Ìyẹn burú ju àṣìṣe lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú pátákó, ẹfun lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

Alága ìgbìmọ̀ ò gbọ́ ohun tí a sọ. Ó rò pé oyè ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó fi Faransé ní kí n dìde, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, wọ́n máa fún mi. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó jẹ oúnjẹ màmá mi, ó bu kún un, ó sì fi Yorùbá kí i dáadáa kó tó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí bírò rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ó fi Faransé dá mi lóhùn. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni, mo tún kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Ó ní, ní Faransé, pé kò sí ìbínú kankan nínú òun. Àgbà ti dé sí òun, òun sì nílò ẹnì kan tó máa máa sọ òótọ́ fún òun, òun sì ti rí èdè tí mo fi ń sọ ọ́.